Oògùn Tí Ẹ Dà Nù, Màámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìnira ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó jókòó kọ̀wé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi àfi aláǹgbá ara ògiri. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi tó máa kà á fún yín. Mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Káyọ̀dé, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Ibi tí mo bá ti bú ọ náà, kà á sókè.

Ó máa yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ fà á. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń pè yín, tí ẹ ń gbé fóònù fún Káyọ̀dé pé kó sọ fún mi pé ẹ wà lóko, èmi sì ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ń lé ewúrẹ́. Mo wá rò ó pé bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ẹ ò ní lè sá fún ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kà. Àwọn gan-an ni wọ́n máa gbé e wá bá yín nílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó ń da oògùn nù nílẹ̀ Èkìtì, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á bá yín gbọ́.

Káyọ̀dé, tí kò lè pa àṣírí mọ́ láti kékeré, ló sọ fún mi pé ẹ ti kó gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń fi ránṣẹ́ dà sínú ṣáláńgá. Ó ní ẹ sọ pé Bọ́sẹ̀dé, èmi ọmọ yín, ti fi ara rẹ̀ fún àwọn tó ń dán oògùn wò lára ènìyàn l'Ékòó, pé kò ní rí tìyá rẹ̀ náà fi dán nǹkan wò. Ó ní láti ìgbà náà, ẹ ò gbé nǹkan kan mì mọ́ àfi àgbo. Màámi, nígbà tí mo gbọ́, Bàbá wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ló gbé Bàbá wa lọ. Ẹ rántí bí ẹnu wọn ṣe yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí a kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi wá ṣeré. Ẹ̀rù ń bà mí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ọlá bá yín sọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Bàbá Ọlá, ará ìlú wa tó ń gbé ní Command l'Ékòó níbí, rí mi lóòótọ́ ní Dọ̀pẹ̀mú níbi tí mo ti ń jáde nílé kan pẹ̀lú òwú lápá. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ṣe fún mi, mo ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún ìwádìí oògùn, mo sì sáré wọ kẹ̀kẹ́ torí òjò ti ṣú. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe fún un nìyẹn. Nígbà tó wá délé fún ìsìnkú, ó bu iyọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà di ẹ̀jẹ̀ tí mo tà. N kò bá a jà. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá iyọ̀ tèmi ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé òòyì kọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní kíláàsì. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà tí mo ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá yìí, ìdúró ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìjókòó lọ. Mo ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo di fèrèsé mú, àwọn ọmọ rò pé mò ń wo ẹnì kan níta, gbogbo wọn bá dìde láti wo ẹni náà. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Ibùkún, télọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Òun ló sọ fún mi pé ilé ìwádìí oògùn kan wà ní Dọ̀pẹ̀mú tí wọ́n ti ń wá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé wọ́n ń yẹ ara wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fúnni lówó ọkọ̀ àti owó ìyọnu. Ó ní òun àti àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ti ń lọ síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò mí, ó ní kí n jókòó sinmi, ó tún un wọ̀n. Mo ti rí irú ojú yẹn rí, lójú dókítà tó tọ́jú Bàbá wa.

Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa, wọn ò kánjú. Wọ́n ní oògùn méjì ni. Ọ̀kan ti pẹ́ láyé, gbogbo ilé ìwòsàn ló ń lò ó. Ìkejì jẹ́ tuntun, wọ́n ti dán an wò níbòmíràn, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún irú wa ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan nínú wa á máa lo ti àtijọ́, àwọn kan á máa lo tuntun. Hóró méjèèjì jọra bí ìbejì, àwa ò mọ èyí tí a ń lò, àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ò mọ̀, torí bí ènìyàn bá ti mọ̀, ọkàn rẹ̀ á ti máa sọ fún un bó ṣe yẹ kí ara rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tó bá sú lè yẹra nígbàkigbà, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló dé. Mo da ìbéèrè bò wọ́n títí ó fi sú wọn, ẹ ṣáà mọ ẹnu mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fọwọ́ sí i.

Owó tí wọ́n ń fún wa kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi ń kọ́lé. Ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, ẹja sì ń tibẹ̀ wọnú ọbẹ̀ mi. N kò ní purọ́ pé n kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ máa wù mí lọ, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Ràṣídá lorúkọ rẹ̀, ó máa ń bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. Nílé wa, kí ènìyàn tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, gbogbo àdúgbò ti bi í pé ṣé ó jí ire. Níbí, òjò á rọ̀ láti àárọ̀, omi á gba ojú ọ̀nà Ìdímù, màá bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ délé, màá ṣílẹ̀kùn, kò ní sẹ́ni tó máa kí mi káàbọ̀. Àárò yín máa ń sọ mí nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Màámi, ó máa ń sọ mí gan-an. Nọ́ọ̀sì yìí máa ń béèrè, ó sì máa ń dúró gbọ́ èsì. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, orí fífọ́ lọ, ìfúnpá mi ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan ń lọ dáadáa títí àdúrà fi wọ̀ ọ́.

Aládùúrà ni Ìyá Ibùkún, èmi náà sì ti ń bá a lọ. Ẹ má bínú, Màámi, orin ìjọ wa náà ni mo ṣì ń kọ, sùtánà funfun ni mo kàn ń wọ̀ kọ ọ́. Ní Sọ́ńdè kan, ó dá a lábàá pé kí gbogbo àwa tí a wà nínú ìwádìí gbé oògùn wa wá síwájú pẹpẹ kí Wòlíì gbàdúrà sí i. Ìyẹn ò burú. A to àwọn ike náà síbẹ̀, nọ́ńbà oníkálukú lára tirẹ̀. Wòlíì ní kí a ṣí ìdérí wọn kí àdúrà lè ráyè wọlé, a ṣí i. Ni Ìyá Àdúrà, àgbà tó ń darí àwa obìnrin, bá ní kí ló dé tí a fi ń yà á sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣawo, ṣebí ọmọ baba kan náà ni gbogbo wa. Ó ní bí ọ̀kan bá dára ju ìkejì lọ, ó yẹ kó kárí. Ó gbé abọ́ funfun kan, ó da gbogbo oògùn náà pọ̀ sínú rẹ̀. Wòlíì gbàdúrà, àdúrà náà sì gbóná. Lẹ́yìn tí a ṣe àmín, Ìyá Àdúrà mú ṣíbí, ó bù ú padà sínú ike fún wa, ó tiẹ̀ fún èmi ní ènì torí ó ní mo rù.

Èmi tíṣà pàápàá na ike mi sí i bí àwọn yòókù. Ta ni mí tí màá máa kọ́ Ìyá Àdúrà lẹ́kọ̀ọ́ níwájú pẹpẹ? Kí n sì má tàn yín, ó dùn mọ́ mi nínú. Ó ti pẹ́ tí nǹkan tí wọ́n ń pín ti kárí dé ọ̀dọ̀ mi l'Ékòó yìí. Ṣùgbọ́n n kò fi ẹnu kan oògùn inú ike náà mọ́, mo fẹ́ béèrè ná.

Nígbà tí a padà dé Dọ̀pẹ̀mú, Nọ́ọ̀sì Ràṣídá ka hóró tó kù nínú ike mi, ó rí i pé wọ́n pọ̀ sí i dípò kí wọ́n dín kù. Ó ní òun ò tíì rí oògùn tó ń bímọ rí. Ìyá Ibùkún fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí orin tí a kọ. Nọ́ọ̀sì fi ìdérí dé ike náà. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ pe dókítà.

Dókítà ò bínú, ó kàn dà bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní àwọn kìlọ̀ fún wa pé kí a má fún ẹlòmíràn lóògùn wa, ṣùgbọ́n kò wá sọ́kàn àwọn rárá pé a lè dà á pọ̀ kí a tún un pín. Ó ní kò sí bí a ṣe lè bá ìwádìí náà lọ mọ́, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni gbé mì. Ó gba gbogbo oògùn náà lọ́wọ́ wa, wọ́n yẹ ara wa wò dáadáa, kò sẹ́ni tí nǹkan ṣe. Ó wá ní ó di dandan kí àwọn wo èyí tí oníkálukú ń lò tẹ́lẹ̀, kí ìtọ́jú wa má baà dáwọ́ dúró. Wọ́n ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tuntun ni Ìyá Ibùkún ń lò, ara rẹ̀ sì le koko bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nígbà tó kàn mí, dókítà ní ti àtijọ́ ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mú páálí rẹ̀ jáde kí n lè mọ èyí tí màá máa rà. Màámi, páálí yín ni. Páálí tí mo ń rà nílé oògùn Ẹgbẹ́dá, tí mo ń wé sínú ọ̀rá fún awakọ̀ Èkìtì, ìwọ̀n agbára kan náà. Mo bú sẹ́rìn-ín, dókítà rò pé òòyì tún ti kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Oògùn tó mú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀ lẹ dà sínú ṣáláńgá. Kò sẹ́ni tó ń dán nǹkan wò lára yín. Oògùn yín ni àgbà tí wọ́n fi ń wọn ọmọdé. Bí wọ́n bá sì tún ń wá ènìyàn fún òmíràn, tí wọ́n ṣàlàyé tó yé mi, màá lọ, n kò ní tàn yín. Bí kò bá yé mi, màá padà sílé. Oògùn yín náà, ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbé e mì nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa rí. A ò mọ orúkọ ẹni náà, a ò mọ ìlú rẹ̀. Mo máa ń ronú kàn án.

Káyọ̀dé, mú Màámi lọ sí ilé ìlera lọ́la, kí wọ́n wọn ìfúnpá wọn, kí o sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ̀ nípa àgbo tí wọ́n ń mu. Má jẹ́ kí wọ́n fi oko bò ọ́ lójú.

Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, mò ń bọ̀. Màá gbé páálí náà sórí tábìlì lójú yín. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín mú hóró tó bá wù yín fún mi, màá sì gbé e mì kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ kọ́ mi pé bí mo bá gbé omi fún àlejò, kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ohun tí mo lọ ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú nìyẹn. Màámi, mo ti tọ́ ọ wò. Ẹ gbà á, kí ẹ mu ún.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ẹ ò ní fi àrùn lo ọjọ́ ogbó yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ sì kí Bàbá Ọlá bó bá tún wá, ẹ ní mo dúpẹ́ pé ó ń ṣọ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé, láti Ẹgbẹ́dá.