Àalè Onírin

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹwàá, 2019

Gbòǹgbò dé lónìí. Ọlámipọ̀ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, yunifásítì kan l'Ábẹ́òkúta ló ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ni tàárọ̀-talẹ́ ẹnu rẹ̀, èmi náà sì ti sọ ọ́ lórúkọ tèmi. Ó ri ọ̀pá irin mẹ́jọ mọ́ àárín oko ẹ̀gẹ́ mi, lápá ibi tí oko ti pàdé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí bodè. Wáyà lókè, irin nísàlẹ̀. Ó ní ọ̀pá á máa wọn omi àti ooru inú ilẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá fi ya bí gbòǹgbò ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, láì hú ìdí ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo. Ó fi àwòrán ti oko ẹlòmíràn hàn mí. Ẹ̀gẹ́ tí mo ti ń gbìn láti kékeré – mi ò mọ̀ rí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ wá omi! Ó fi nǹkan kan sínú fóònù mi kí n lè máa rí iye omi láràárọ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Kò dùn pẹ́. Olè tún ti hú poro méjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè ni oúnjẹ ti gbówó lórí, ẹ̀gẹ́ ẹni ò sì jẹ́ tẹni mọ́. Àwọn ará abúlé ń so àalè sí oko wọn – àkísà, ìgbálẹ̀, bàtà tó ti já – kí ibi lè bá olè. Èmi, tíṣà, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé mo lè so àalè? Nígbà tí mo dé ìdí kànga, mo sọ fún Ìyá Nàfíù pé ọ̀pá náà mọ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọ oko mi, ó sì ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Ojú rẹ̀ là kedere. Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń jò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé á ti gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹwàá

Ìdí ẹ̀gẹ́ kan ò sọnù. Àalè onírin!

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹwàá

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mùnírù dá mi dúró níwájú iléèwé. Òun ni olórí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ìrẹsì fàyàwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ oko mi. Ó kí mi dáadáa, ó tẹrí ba, ó wá béèrè bóyá ọ̀pá Tíṣà mọ taya náà bó ṣe mọ ẹsẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ní olè ẹ̀gẹ́ ni mò ń lé, kí ló kàn mí kan taya. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Ẹ ṣeun ti kí ni?

Málọmọ́ mi náà wà lára wọn. Mo ti sọ̀rọ̀, mo ti sunkún, mo ti gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ méjì tí kò dúró ni mo bí i, ìyá ọkọ mi ló fún un lórúkọ yẹn. Bàbá rẹ̀ náà ti lọ. Òun nìkan ni mo ní. Ó ní kò síṣẹ́ mìíràn. Ó ní Nàfíù ọ̀rẹ́ òun náà ń ṣe é, ìyá rẹ̀ ò sì pariwo.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹwàá

Ariwo lápá oko ní ìdájí. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Málọmọ́ ò bá wọn lọ lónìí, ó ní inú ń run òun. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹwàá

Jésù o. Nàfíù kú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ bodè ló lúgọ ní ìdájí àná, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti ṣẹ́rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi gan-an, bí ẹni tí wọ́n fún ní àkókò. Wọ́n gba ọ̀kadà, wọ́n gba ìrẹsì. Àwọn ọmọ fọ́n ká sínú igbó. Wọ́n rò pé Nàfíù ti sá dé Òkè-Ọ̀dàn ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n tó rí i nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa yanrìn, níbi tó já sí nígbà tó ń sá. Ó ti tutù. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án.

Mo lọ kí ìyá rẹ̀. Mo jókòó. Àwọn obìnrin sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní. Ẹnì kan sọ ọ́ síta: ọ̀pá Tíṣà ló sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹwàá

Ẹnikẹ́ni ò kí mi.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹwàá

Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àalè ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ilé mi o! Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi èèpo ẹ̀gẹ́ dì. Mo mọ̀ ọ́n. Sálúbàtà Nàfíù ni, òun nìkan ló ń fi wáyà dí ibi tó bá já. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà jáde, mo tún gba ibẹ̀ wọlé. Mi ò dé iléèwé.

Àìmẹ́nu, àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló rán mi níṣẹ́ irọ́ nídìí kànga?

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹwàá

Mo lọ bá Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀túndé. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá. Mo ní irọ́ ni mo pa, ọ̀pá ò mọ nǹkan kan ju omi àti ooru lọ. Bàbá wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ẹnu rẹ ló ní ó ríran. Ẹnu rẹ ló tún ní kò ríran. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Mo pe Gbòǹgbò. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun á ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí n jọ̀wọ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n hú ọ̀pá náà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ewúrẹ́ bá fara kan ògiri, mo ti dìde. Bí wọ́n bá sun ilé yìí mọ́ mi lórí ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kẹwàá

Màá ya ojú ewé yìí, màá sun ún. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Málọmọ́ ni. Málọmọ́ ló sọ.

Mo ní kó bá mi já àalè yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò lè fọwọ́ kan bàtà Nàfíù. Mo ní ṣebí ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ló bá jẹ́wọ́, ibẹ̀ nídìí ààrò, gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, lójú ọ̀nà Ìdógò, òun nìkan pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ẹ̀rù bà á. Ó júwe ọ̀nà, ó dárúkọ ọjọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Ó rò pé ẹrù ni wọ́n kàn máa gbà. "Màmá, mi ò mọ̀ pé Nàfíù máa sá gba ibẹ̀." Ẹ̀ẹ̀melòó ló sọ ọ́! Mo gbá a létí. Mo tún gbá a. Lẹ́yìn náà mo fà á mọ́ra, a sì jọ sunkún, a fi aṣọ bo ẹnu kí aládùúgbò má baà gbọ́.

Òun ló gbé ẹsẹ̀ òkú lọ́jọ́ Ajé. Olúwa, irú ọmọ wo ni mo bí yìí? Olúwa, má gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹwàá

Gbòǹgbò ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó fi àwòrán hàn wọ́n. Mùnírù ní àlàyé ti tó, ẹ jẹ́ ká dán an wò.

Lọ́la lẹ́yìn ìsìn ni. Ọkùnrin márùn-ún á dúró létí oko. Wọ́n á fi gèlè dì mí lójú, màá kẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn á gba àárín ọ̀pá kọjá, á sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Màá wo fóònù, màá dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ọ̀pá ló pa Nàfíù. Baálẹ̀ ní irin ò ní ète, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan Tíṣà tó kọ́ ọmọ wa ní ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n á hú ọ̀pá, màá kúrò ní abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú, oko á sì padà sọ́wọ́ bàbá. Bí n ò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi mọ́.

"Nígbà yẹn, a ó wá ènìyàn," Mùnírù ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tí kò bá wa lọ lọ́jọ́ yẹn la ó kọ́kọ́ bi." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Àdá wà lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká – àdá oko ni, ta ni kò ní in – ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe fún un mọ́wọ́.

Ẹyọ ẹnì kan ni kò lọ.

Gbòǹgbò di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀pá ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni láéláé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ dáadáa. Kò mọ nǹkan kan. Mo ní kí Málọmọ́ sá. Ó ní ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́, pé wọ́n sì ti ń ṣọ́ ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kẹwàá

Mo ti di ẹrù tán, mo kàn fẹ́ kọ ọ́ kí n tó jáde.

Gèlè tí mo wé lọ sí ìsìn ni wọ́n fi dì mí lójú. Gbogbo abúlé pa rọ́rọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kẹ̀yìn sí ọmọ iléèwé, tí mò ń kọ nǹkan sójú pátákó, tí mo sì ń pe orúkọ ẹni tó bá dìde láì wẹ̀yìn. Wọ́n ti gbàgbé. Èmi náà ti gbàgbé, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀tún ń wọ́, òsì ń yára. Imú sì fà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yẹn ò fun imú rẹ̀ rí láti kíláàsì kejì.

Wọ́n tú mi lójú. Mo wo fóònù. Omi inú ilẹ̀, ooru inú ilẹ̀, bó ṣe wà láàárọ̀ náà ló wà. Gbòǹgbò dúró tì mí, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, inú ilé mi ni màá sùn lónìí. Mo wòkè, mo rí Málọmọ́. Ẹ̀yìn Mùnírù ni wọ́n ní kó dúró sí. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, "Cornelius ni."

Ariwo sọ. Cornelius káwọ́ lérí, ó ń sá sẹ́yìn kúrò nínú oko bí ẹni tí ejò bù jẹ. Gbòǹgbò ń pariwo pé irọ́ ni, kò ṣeé ṣe, "Mà, kí lẹ ṣe fún mi?" Ta ló máa gbọ́ ọ? Wọ́n ti ń hú ọ̀pá. Ó ń ṣa wáyà tó já mọ́ra, ó ń sunkún. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì, nítorí bí mo bá la ẹnu, òtítọ́ ló máa jáde.

Mò ń ti àpótí nígbà tí Ìyá Nàfíù wọlé. Mo rò pé ó wá nà mí ni. Mo jókòó jẹ́ẹ́ dè é. Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyá Málọmọ́, ẹ̀rọ yín rí gbogbo ẹni tó kọjá. Ó ní láti rí ọmọ mi. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó pẹ́ nínú kòtò yẹn? Ṣé ó ń pè mí?"

Mo gbé fóònù. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́, wọ́n ti hú ọ̀pá. Mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń kàwé. Mo ní kò pẹ́ rárá. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ló pè é.

Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́. Málọmọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹrù wa lórí, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.