Kí Wọ́n Ya Ìpàkọ́ Wa

Màámi, ọdún márùn-ún rèé tí àga yín ti ṣófo. Ọdún márùn-ún! Ọjọ́ ìrántí yín wá bọ́ sí ọjọ́ tí àyà gbogbo wa ń já: ní ìrọ̀lẹ́ òní ni Ògiri, àbígbẹ̀yìn yín tí ẹnikẹ́ni kì í ráyè gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀, ń wọ pápá fún Ìdíje Àgbáyé Obìnrin rẹ̀ karùn-ún.

Ilé tó ń kọ́ nígbà tí ẹ wà ti parí. Bọ̀dá, àkọ́bí yín, ń pè é ní "ilé wa". Òun náà ló ń sọ fún àwọn oníròyìn pé òun lòun kọ́ Ògiri ní bọ́ọ̀lù. Òun tó máa ń ju bọ́ọ̀lù ọmọ ọlọ́mọ sórí òrùlé!

Ògiri náà ti dàgbà. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan wà tí kò tíì hu eyín nígbà tí Ògiri kọ́kọ́ lọ. "Mọ́mì" ni àwọn ọmọdé yìí ń pè é. Ló bá lọ pa irun funfun láró. Irun ṣe é pa láró, Màámi, orúnkún ńkọ́?

Orúnkún yẹn ló gbé wa lọ́kàn sókè. Ní ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ yí àga yín padà, ẹ kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ní ojú ìyá máa ń wúwo lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ariwo wa lẹ fi ń mọ̀ bí gólù bá wọlé. Nǹkan kan ò ṣe Ògiri. Nígbà tí ìkẹrin fi dé, ẹ ti lọ. Oníròyìn gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a da pọ́dà sójú, gbogbo wa kọjú síbẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí tí wọ́n fi gbé Ògiri jáde! Dókítà ní bí orúnkún náà bá tún yẹ̀, ó parí nìyẹn.

Kámẹ́rà tún ń bọ̀ lónìí. Àtàárọ̀ la ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kẹ̀yìn. Àǹtí Télọ̀, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun ni. Bọ̀dá ní, "Kí wọ́n wá ya ìpàkọ́ mi?"

Ni Ògiri bá pè wá lórí fóònù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ta ló máa jókòó sí àga Màámi?"

Bọ̀dá wúkọ́, ó ní, "Èmi ni." Àǹtí náà bá fa àga tiẹ̀ yí padà.

Màámi, gbogbo wa la ó kẹ̀yìn. A ò mọ ẹni tí yóò pariwo fún wa. Àmọ́ àwòrán yín ló wà lára ògiri tí a ó kọjú sí, ojú yín la ó sì máa wò títí fèrè yóò fi dún. Àárò yín ń sọ wá o! A ṣì fẹ́ràn yín. Kí wọ́n ya ìpàkọ́ wa.