Ojú Màmá Àríkẹ́ Lára Ọṣẹ

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Wọ́n gbà á! Àwòrán tí mo ti ń bá jà láti oṣù tó kọjá, wọ́n gbà á láìyọ ohunkóhun kúrò. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí nínú iṣẹ́ ìpolówó.

Ọṣẹ dúdú ni. Ìdí-Orò ní Muṣin ni Màmá Àríkẹ́ ti ń sè é, kí wọ́n tó bí mi rárá. Ọmọ wọn, Ọlátúndé, ló gbé iṣẹ́ náà wá bá wa ní Yaba. Ẹ̀gbọ́n Táì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí bí oòrùn ràn bí òjò rọ̀, táì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọṣẹ náà kúrò nínú ọ̀rá, kó wọ páálí, kó máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Orúkọ tuntun: Ọṣẹ Màmá Àríkẹ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ojú Màmá nìkan, dúdú àti funfun, láàárín funfun gbalasa. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Lókè: ÌYÁ TÓ WẸ̀ WÁ MỌ́. Nísàlẹ̀ orúkọ wọn, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sè é, 1969, mo sì fa ìlà kékeré kan síwájú rẹ̀, báyìí: 1969 –, kó lè hàn pé iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ọṣẹ fúnra rẹ̀ wà ní igun nísàlẹ̀, kékeré. Kò sí ìràwọ̀ pupa. Kò sí "ra méjì gba ẹ̀kan". Kò sí ariwo. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé ojú èèyàn ń fẹ́ ibi tó máa sinmi sí.

Dennis, ọ̀gá wa — Ọ̀gá Múmọ́lẹ̀, torí "make am shine" ni gbogbo ìmọ̀ràn tó ní — wò ó títí. Ó ní, "Moyọ̀, this one clean o." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Inú mi ṣì ń dùn. Mo ra mọ́ín-mọ́ín fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí Muṣin lọ fi àwòrán náà han Màmá. Ìdí ìkòkò ni mo bá wọn, èéfín gbogbo ojú. Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n gba fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ọmọ mi, orúkọ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní "Hẹn." Wọ́n ní kí n fà á tóbi kí àwọn tún rí i dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Táì ló là á yé mi nígbà tó ń sìn mí dé ibi kẹ̀kẹ́. Látẹ̀yìn wá, Ọṣẹ Ọ̀jẹ̀túndé ni wọ́n ń kọ sára ọ̀rá. Orúkọ bàbá rẹ̀, ọkọ Màmá, ni, fọ́tò bàbá tòun ti fìlà ló sì wà níbẹ̀. Bàbá yẹn wa tírélà títí ayé wọn ní Ìjọra ni. Ó ní, "Moyọ̀, bàbá mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó eérú sí. Àmọ́ ta ló máa ra ọṣẹ obìnrin nígbà yẹn? Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn." Bàbá ti kú tipẹ́, fìlà wọn ṣì ń ta ọṣẹ.

Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń gbé lọ́wọ́ tó báyẹn.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti gorí pátákó ńlá ní Ojúẹlẹ́gba! Wọ́n tún lẹ àwọn kéékèèké káàkiri Muṣin àti Sábó. Mo dúró sódìkejì títì, mo ń yà á ní fọ́tò bí ẹni tó bímọ tuntun.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbé.

Ẹ̀gbọ́n Táì pè mí láàárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ ti ya bo ilé wọn, ẹkún lẹ́nu: "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o." Àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bínú lórí fóònù pé báwo ni Màmá ṣe máa kú tó jẹ́ pé ẹni tó wá s'Ékòó ló máa wá ròyìn fún àwọn, àti pé ìgbà wo ni ìsìnkú.

Mi ò tíì lóye rẹ̀ nígbà náà. Rùkáyàt tá a jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sára àwọn àwòrán wa, ló wọlé dé tó ń wò mí bákan. Ó ní ìyá òun rí pósítà náà lánàá, ìyá sì mí kanlẹ̀, ó ní, "Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún màmá yìí. Ojú wọn tutù." Rùkáyàt ní, "Àǹtí Moyọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín."

Mo sáré jáde lọ wo ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Sábó. Wọ́n ti lẹ pósítà òkú méjì tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú àgbà, dúdú àti funfun. Orúkọ. Ọdún, ìlà, ọdún. Tèmi wà láàárín wọn, ó bá wọn mu rẹ́gí. Àní tèmi ló rẹwà jù nínú àwọn òkú náà.

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ń bi ara mi léèrè. Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí. Ara ògiri ni mo ti kọ́ ìwé kíkà: ÌPÈ ÒGO, Ó DÀÁRỌ̀ ÌYÁ, tí mo ń kà á sókè fún ìyá mi bá a ṣe ń kọjá lọ. Ọmọ kékeré ní Lagos mọ̀ pé bó o bá rí ìyá àgbà tí kò rẹ́rìn-ín, tí gbogbo àyíká rẹ̀ funfun, tí ọdún wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kó o rọra bọ́ fìlà ni. Báwo ni gbogbo wa ní ọ́fíìsì ò ṣe rí i? Fóònù ni. Ojoojúmọ́ là ń wo iṣẹ́ àwọn òyìnbó lórí fóònù, à ń sọ pé "ó mọ́, ó dákẹ́". Ẹsẹ̀ wa ń rìn ní Yaba, ojú wa ti kó lọ sí ìlú onílùú.

Ìlà yẹn ló ń dùn mí jù. Mo rò pé mò ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Ọdún kejì, ọdún ikú, ló ń dúró dè, gbogbo Muṣin sì bá mi kọ ọ́ parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àríkẹ́. Ìkúnlẹ̀ ò tó. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ilé wọn kún. Bí ẹni kan bá wọlé tẹkún-tẹkún, Màmá á yọjú láti yàrá, onítọ̀hún á pariwo, ó di kó o gba ibi kí n gba ibi. Obìnrin kan sáré jáde láìwọ bàtà. Màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹ̀mí àwọn á gùn nìyẹn. Wọ́n ń fún àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ ní ọṣẹ.

Wọ́n fà mí dìde. Ohun tí wọ́n sọ fún mi rèé, mo fẹ́ rántí rẹ̀: "Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún mi. Wọ́n ní mo ṣèèyàn. Wọ́n ní ọṣẹ mi ló wo ara ọmọ àwọn sàn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi lójú rí. Ìwọ má sunkún mọ́, o ti jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n Táì ò rẹ́rìn-ín o. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò wo ìyá rẹ̀, kò wo èmi.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Ìpàdé. Wọ́n ti já gbogbo pósítà náà. Ó ti parí: wọn ò ní lo ojú Màmá mọ́. Ọ̀gá Múmọ́lẹ̀ ní kí n fi AI ya ọmọbìnrin arẹwà kan, awọ dídán, eyín funfun, kí n gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀. Orúkọ náà máa yí padà sí nǹkan kúkurú tí òyìnbó lè pè. Ó ní àṣìṣe kan sí i, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Mo fẹ́ bínú sí Ẹ̀gbọ́n Táì, mi ò rí i ṣe. Ó ní, "Moyọ̀, mo ń bọ̀ láti Ìjọra lọ́jọ́ náà, mo gbójú sókè lórí bíríìjì, mo rí ìyá mi. Èmi tí mo fọwọ́ sí àwòrán yẹn! Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ bíréèkì. Mi ò fẹ́ rí i lókè mọ́ láyé mi."

Ta ló sọ fún Màmá? Kò sẹ́ni kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ya ọmọbìnrin náà. Kò ju kí n tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ti dé. Ó rẹwà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Mo wo ojú tiẹ̀ títí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Mo gbé kámẹ́rà, mo gba Muṣin lọ. Mi ò sọ fún Dennis. Mo ní kí n kàn ya Màmá sí i, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe, bí ẹni tó fẹ́ gba káàdì ìdìbò ni wọ́n ń dúró. Àfìgbà tí ẹnì kan da àdín sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ọṣẹ dé ìgúnpá, wọ́n la ẹnu gbàràgàdà: "Ojú ẹ dà?" Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnu lílà, àlàfo eyín tó ti yọ, aṣọ pupa, gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án



A ò retí Màmá. Wọ́n bá ọmọ wọn wọlé, wọ́n wọ léèsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ojú àwọn lára páálí tuntun. Ẹ̀gbọ́n Táì wo ilẹ̀. Dennis ní kí n ṣí i. Mo ṣí ọmọbìnrin náà sára ògiri.

Màmá ní, "Ó mà dára o. Ọmọ ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n Táì ní kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, ẹ̀rọ ló yà á. Ó wá rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ojú wọn, orúkọ wọn, ẹ̀rù tó ń bà á.

Wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Èmi tí mo wà láàyè, ẹ sọ mí di òkú, mo fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bí, ẹ ní kó wá gbapò mi nídìí ọṣẹ. Ọlátúndé, bàbá rẹ wà lára ọ̀rá nígbà tí wọ́n wà láyé. Wọ́n kú, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Òkú gidi ni wọ́n, ẹ̀rù ò bà ọ́. Ẹ ti sin mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sin mí lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀gbọ́n Táì fi ọwọ́ bojú. Mo mọ̀ pé tí n ò bá ṣe é nísinsìnyí mi ò ní ṣe é mọ́. Mo ti ọmọbìnrin náà kúrò, mo ṣí fọ́tò ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dennis wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé mi mì.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni mò ń bú báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n Táì gbójú sókè, ojú pọ́n. Ó ní, "Èmi ni. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń bú mi." Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Dennis ní ó kéré tán ká fi kọ̀ǹpútà dí àlàfo eyín yẹn. Ẹ̀gbọ́n Táì ní rárá, ká má fọwọ́ kan ìyá òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá Múmọ́lẹ̀ ń bínú sí mi. Ó ti gba iṣẹ́ ìpolówó báńkì tí mò ń ṣe lọ́wọ́ mi. Kò burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ojú Màmá ti padà sórí pátákó ní Ojúẹlẹ́gba. Àwọ̀ pupa, ọwọ́ sókè, ẹnu lílà, ọṣẹ ńlá nínú ọpọ́n níwájú wọn. Kò sí ìlà, kò sí ọdún. Orúkọ wọn nìkan, gàdàgbà.

Mo lọ dúró lódìkejì títì kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń gbójú sókè, mò ń wo ẹnu wọn. Obìnrin kan tó wọṣọ iṣẹ́, báàgì lápá, ń sáré lọ wọ ọkọ̀. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ti Màmá. Láìdúró, láìrò ó, ó tẹ orúnkún méjèèjì ba díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó sì ń sáré tiẹ̀ lọ.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi náà kúnlẹ̀.