Ohùn Tí Ẹ̀rọ Kò Gbà Sílẹ̀

Ìyá Ọdẹkúnlé mi,

Òtútù Kánádà kò tíì pa mí. Ọmọ wa ń jẹun dáadáa. Ìsinmi lásán ni wọ́n fún un lẹ́nu iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì.

Ohùn kan ló pè é lórí rédíò pé kó sọ̀kalẹ̀. Ó dáhùn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀, ni ọkọ̀ òfurufú mìíràn bá gba abẹ́ tirẹ̀ kọjá, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fara kanra. Àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ní àwọn kò pè é. Ọ̀gá kan, tí oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, tẹ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ fún wa. Ohùn Ọdẹkúnlé nìkan ló wà níbẹ̀: "Mo ti gbọ́, mò ń sọ̀kalẹ̀."

Ìwọ lo máa ń kìlọ̀ fún un ní Ayétòrò pé bí kò bá rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. Èmi tíṣà fi ọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ gidi ń jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. Ní báyìí, bí mo bá pè é láti pálọ̀, á ní, "Bàbá, ẹ wá síbi tí mo ti lè rí yín."

Bá mi kí Nímọ́tà àti Bàbá Bámgbóṣé, àwọn aládùúgbò wa. Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ohùn rẹ tó ń pè mí ní kíṣìnì níbí. Má bínú pé n kò dáhùn.

Ọkọ rẹ,
Tíṣà