Àwọ̀ Ọkọ̀ Bàbá Jùmọ̀kẹ́

Èmi, Fọláyẹmí Abẹ́kẹ́ Èṣùbíyì, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní Uwasota ní ìlú Bìní, ni mo ní ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Orí mi pé. Lọ́jọ́ tí mo ní mo fẹ́ tún Píjò 504 bàbá wọn kùn, àwọn ọmọ mi sọ pé kò pé, ṣùgbọ́n dókítà kò gbè wọ́n. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú, mo pa á rẹ́ lónìí.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá ni. Jùmọ̀kẹ́, àkọ́bí mi, gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò lè kà á. Gbéminíyì, àbúrò rẹ̀, lè kà á, kì í mọ ohun tó kà. Ẹ ó jókòó pọ̀ kà á.

1. Agbẹjọ́rò Ayọ̀túndé àti Arábìnrin Olúfúnkẹ́, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni olùmúṣẹ ìwé yìí. Agbẹjọ́rò mọ òfin. Arábìnrin Olúfúnkẹ́ mọ àwọn ọmọ mi.

2. Ilé mi di ti Jùmọ̀kẹ́ àti Gbéminíyì lọ́gbọọgba. Kí ẹnikẹ́ni má mọ ògiri sí àárín rẹ̀.

3. Ológbò mi di ti Màmá Osaretin, aládùúgbò wa, tó ti ń yọ́ ẹja fún un láti ìgbà pípẹ́, tó rò pé n kò mọ̀.

4. Àpótí irinṣẹ́ ọkọ mi, Akíntúndé, di ti Gbéminíyì. Gbogbo spánà inú rẹ̀ ló pé, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò lò wọ́n rí. Mẹkáníìkì ló máa ń pè. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Sátidé tí kì í fi òróró pa wọ́n.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wàyí. Kí àwọn olùmúṣẹ fara balẹ̀.

Nígbà tí Akíntúndé ra 504 náà, tuntun ni, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ògì àgbàdo pupa tí wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí. Inú ọkọ̀ náà ló ti bi mí léèrè, lọ́nà Ogbe, bóyá màá fẹ́ òun. Kò wo ojú mi. Títì ló ń wò. Mo fẹ́ràn ọkùnrin tó ń wo títì.

Kí a tó bí Jùmọ̀kẹ́, ó tún ọkọ̀ náà kùn. Ó fúnra rẹ̀ yan pupa kan, inú rẹ̀ dùn, ìgbà tó gbé e jáde ló tó hàn pé pupa takisí Bìní ni. Ní Ring Road, ìyá kan ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ju iṣu rẹ̀ sórí àga, ó ní, “Driver, New Benin. Abeg, no waste my time.” Ọkọ mi gbé e dé New Benin. Kò gba kọ́bọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún un. Ó ní ìyá náà ti jókòó tán, ojú á tì í. Láti ọjọ́ náà, mo ṣì máa ń bá a jà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í sí nínú ìjà náà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tún gbé lẹ́yìn ìyẹn. Pupa náà ló sì ń wà títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú rẹ̀, níṣojú pásítọ̀, àwọn ọmọ mi jà lórí àwọ̀ ọkọ̀. Gbéminíyì ní kí a kùn ún ní funfun, kó máa gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì: “Mummy, na white dem dey hire.” Jùmọ̀kẹ́ ní pupa ni ọkọ̀ Daddy, ẹni tó bá pa á dà ti tún Daddy pa. Gbéminíyì pè é ní ọmọ onítakisí. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn. Bí mo bá kú, kò ní sí ẹni tí wọn yóò rán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá Ìtùnú, ọmọbìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ní pólì tó sì ń kun ọkọ̀ ní New Benin. Ó gbé sípẹ́à táyà kúrò nínú búùtù, àwọ̀ ògì sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọjọ́ tí a rà á. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni oòrùn kò dé, nítorí náà ibẹ̀ nìkan la lè gbà gbọ́. Ó po ọ̀dà kó lè bá ti ibẹ̀ mu, ó fi kun ìdérí agolo, ó kọ̀ kí n wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án, mo wò ó lẹ́yìn òjò. Bí mo bá ti ní ó ti tó, á ní kò tíì tó. Mo gbé ọ̀dà tó ń dán bíi dígí wá. Ó ní ọkọ̀ àgbà kì í dán bẹ́ẹ̀, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para ló yẹ kó rí. N kò bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ pàdé ní báńkì. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, mo jókòó síwájú, mo ń wo títì, mo sì gbọ́ ìbéèrè Akíntúndé lẹ́ẹ̀kan sí i.

5. Ọkọ̀ náà di ti Gbéminíyì. Kó máa fi gbé ìyàwó. Nínú fọ́tò, funfun ni wọn yóò pè é.

6. Àwọ̀ ọkọ̀ náà di ti Jùmọ̀kẹ́. Agbẹjọ́rò ní òfin kò mọ bí a ṣe ń jogún àwọ̀ láìjogún ọkọ̀. Mo ní kí òfin lọ kọ́ ọ. Gbéminíyì kò gbọdọ̀ tún ibikíbi kùn, ì báà ṣe ibi tí ewúrẹ́ ha, àfi kó lọ fẹnu ara rẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ pẹ̀lú kò lè kó àwọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Inú ìdérí búùtù ṣì wà ní pupa. Mo ní kí Ìtùnú fi í sílẹ̀. Bí ojú Daddy bá ń yun ọ́, Jùmọ̀kẹ́, pe àbúrò rẹ kó wá ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

7. Àga tí mo máa ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù Ìtùnú di ti Ìtùnú. Tirẹ̀ náà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti lò ó débi pé ó yẹ kí n dá a padà lọ́nà òfin.

8. Ọ̀dà ṣẹ́kù díẹ̀ nínú agolo lábẹ́ ibùsùn mi. Kí ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, láìrán ẹnikẹ́ni, fi kun inú ìdérí pósí mi. Ẹ má kun òde rẹ̀. Inú ni kí ẹ kùn, níbi tí oòrùn kò ní dé.

Mo fọwọ́ sí i ní Uwasota, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ní ọ̀sán gangan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló dára jù.

F. A. Èṣùbíyì

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Fẹ́yìsayọ̀ Adékúnlé, òṣìṣẹ́ ìjọba
Olúwapẹ̀lúmi Ṣèyíọlá, òṣìṣẹ́ báńkì

(Ìtùnú fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Agbẹjọ́rò ní òfin kò gbà kí ẹni tó jogún nǹkan jẹ́rìí, ó sì ti jogún àga.)