Mo Yí Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà Padà Níwájú Àwọn Àgbà Ìjọ

Aṣọ ni mò ń sá lẹ́yìnkùlé mi ní Gadumo láàárọ̀ yìí tí mo fi pa á tì, tí mo jókòó, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí. Ẹ má bínú tó bá gùn... mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Opó ni mí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Natako, èmi ni ògbufọ̀. Bí pásítọ̀ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Ọ̀wọ́rọ̀, èdè ìbílẹ̀ wa, fún àwọn àgbà. Ọdún mọ́kànlá, mi ò ṣì í sọ rí... àfi Sátidé tó kọjá, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ, àgbẹ̀ ni, Ọ̀wọ́rọ̀ nìkan ló gbọ́. Ẹ́lídà wa tọrọ àyè nínú oko rẹ̀, pé kí ìjọ máa gbàdúrà níbẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Kí ìyá tó mọ̀, ẹ́lídà àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti ri òpó ààlà yí gbogbo oko náà ká. Ó pariwo, wọ́n ní ó ń bá iṣẹ́ Ọlọ́run jà, pé kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Pásítọ̀ wa, ọmọ Ebira, kò gbà. Ó kọ̀wé sí àwọn àgbà ìjọ lókè pé wọ́n fipá gba oko ìyá, wọ́n rán ẹni mẹ́ta wá. Kò sí ẹni tó gbọ́ Ọ̀wọ́rọ̀ nínú wọn, pásítọ̀ náà ò gbọ́. Èmi ni wọ́n pè.

Ìyá ní òun ò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀, pé ibẹ̀ ni òun ti ń jẹun. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Mo wá ṣíjú wo ẹ́lídà... ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí ẹbí fẹ́ lé èmi àtàwọn ọmọ jáde, òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wá. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé títí dòní. Mo la ẹnu, mo sọ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá ní òun ti fi ilẹ̀ náà fún Ọlọ́run tọkàntọkàn, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun padà sídìí oúnjẹ Olúwa. Ẹ́lídà gbọ́ èdè méjèèjì. Àmín ló ṣe. Ìyá rí i pé wọ́n ń mi orí bíi pé bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n gba tòun...

Ní báyìí wọ́n ní òpùrọ́ ni pásítọ̀, wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún gbọ́ ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ́lídà ti ránṣẹ́ sí mi pé bí mo ṣe sọ ọ́ níjọ́sí ni kí n tún sọ ọ́. Ta ni kí n já kulẹ̀? Bí mo bá sọ òótọ́, níbo ni n ó gbé? Bí mi ò bá sọ ọ́, oko lọ, pásítọ̀ lọ... Ṣé kí n ní ara mi ò yá, kí wọ́n wá ẹlòmíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.

Àìsàn yẹn ni mo ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi nídìí aṣọ láàárọ̀ yìí, ó gbé iṣu wá fi dúpẹ́, ó dì mọ́ mi. Ó kí mi lédè wa, “Ọ̀kún o, ìyàwó. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi sọ fún pásítọ̀: bí kì í bá ṣe ìwọ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ mi, n ò ní la ẹnu.”