Ọjà Á Tà Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Mojíbọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Kí Olúwa má jẹ́ kí Èkó rẹ̀ ọ́ bí Lálúpọn ti rẹ̀ mí. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ ti bí méjì. Orúnkún ń dùn mí látìgbà tí mo ti ń gbé gàrí tó o po atalẹ̀ mọ́ yẹn kiri, tí mo ń bi ará ìlú bóyá wọ́n á rà á bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Fọ́ọ̀mù tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo ti kọ ọ́ tán. Mo rí ìràwọ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo sì dúpẹ́, torí èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà mọ̀ pé wọn kì í fún olódo ní ìràwọ̀. Ibi tí wọ́n ti béèrè ímeèlì, Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Lálúpọn ni mo kọ fún gbogbo wọn, fóònù kọ̀, mo bá kọ tìrẹ.

Ogójì ènìyàn ló tọ́ ọ wò tí wọ́n ní Tíṣà, ọmọ yín mà kú iṣẹ́ o, ọjà á tà. Mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún wọn. Kifayah tó ń yan gàrí nìkan ló ṣàfojúdi, ó ní Bàbá, èmi tí mò ń yan án ni kí n tún máa rà á nínú ọ̀rá, ṣé atalẹ̀ tán lẹ́yìn ilé mi ni? N ò kọ tiẹ̀ sí i rárá.

Àná lo wá pè pé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ogójì ènìyàn yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo rántí ìgbà tí Àjàní kó bàtà òjò wá tà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èmi náà sọ fún un pé ọjà á tà, n ò sì ra ẹyọ kan. Àbí àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún wa, tí mo kọ ọ́ bí ìlérí? Ó jọ pé Kifayah nìkan ló dáhùn ohun tí mo bi í.

Jọ̀ọ́, má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lọ sí ọjà Ṣáṣá, níbi tí wọn ò ti mọ̀ pé ọmọ mi ló ni gàrí, kí o fi ti ìpara orúnkún kún un. N ò ní bi wọ́n bóyá ó dára. Màá ní kí wọ́n sanwó ọ̀rá kan, kí n máa wo ojú wọn.

Olúwa á ṣọ́ ọ, kò ní rẹ̀ ọ́. Ọjà á tà. Àdúrà lèyí o, má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Bàbá rẹ,
Ọlálẹ́yẹ